Ìbà Ni Tàbí Ọpẹ́? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ tí Òṣèré Fi Ń Yẹ́ Ará Ilé Rẹ̀ Sí

Lóde òní, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn òṣèré ní ẹ̀yẹ tí a kì í ti í gbọ́ orúkọ ìyá tàbí bàbá. Wọn á pe òṣèré, àtẹ́wọ́ á sọ, á gun orí ìtàgé, á gba ère tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn èyí ni ohùn rẹ̀ á yí padà: á ní ìyá òun ni òun fi ẹ̀yẹ náà ta lọ́rẹ, tàbí bàbá òun tí ó ti re ibi àgbà ń rè, tàbí aya òun tí ó dúró ti òun nígbà tí kò sí. Àwọn mìíràn a máa sunkún níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn á máa sọ kiri, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ eré tí ó mú ẹ̀yẹ wá.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ìjúbà àtijọ́ ni ó wọ aṣọ tuntun, pé òṣèré tí ó dárúkọ òbí rẹ̀ níwájú èrò ń ṣe ohun tí alárìnjò ti ń ṣe tipẹ́. Àwọn mìíràn ní àwòkọ lásán ni, pé ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà ni a ti kọ́ ọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kún ojú òṣùwọ̀n nínú méjèèjì. Ìlọrin sì jẹ́ ibi tí ó dára láti wọ̀n wọ́n. Ìlú náà ní olórin tí ó mọ bí a ti ń júbà. Ó ní ìdílé òṣèré tí bàbá àti ọmọ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó sì ní ẹ̀sìn tí ó ti mú kí àwọn ará ibẹ̀ rò ó jinlẹ̀, ẹni tí ó tọ́ kí ènìyàn foríbalẹ̀ fún.

Ohun tí ìbà jẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Joel Adédèjì, ẹni tí ó ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí eré alárìnjò ní Yunifásítì Ìbàdàn tí ó sì parí rẹ̀ ní 1969, fi hàn pé ìjúbà ni ó ń ṣíwájú nínú eré àwọn ènìyàn náà, kí ijó àti eré gan-an tó tẹ̀lé e. Nígbà tí Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní 1944, tí eré orí ìtàgé sì ti ọwọ́ rẹ̀ gba ọ̀nà tuntun, ipò yìí kò ṣófo: orin ìṣíde ni ó bọ́ sí i. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni a fi ìbà ṣe níbẹ̀rẹ̀ eré. Ẹni tí ń júbà kò tíì mọ̀ bí eré yóò ti rí. Ohùn lè há, òjò lè dé, èrò lè tú ká, elénìní sì lè wà láàrin èrò. Nítorí náà ni ó ṣe ń wá àṣẹ àti ààbò lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣíwájú rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Kí ekòló tó wọlẹ̀ ni ó ń júbà, kì í ṣe ìgbà tí ó bá wọlẹ̀ tán.

Ní Ìlọrin, inú dàdàkúàdà ni ìbà ti fìdí kalẹ̀ jù lọ. Oríkì ìlú náà sọ pé kò ní eégún, pé ẹṣin ni eégún ibẹ̀. Síbẹ̀, Abdul-Rasheed Na'Allah, ọmọ Ìlọrin tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara láti 2009 títí di 2019, kọ ìwé lórí ìtàn dàdàkúàdà, ó sì tọ́ka sí iwì eégún gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé eégún tí oríkì ní kò sí ní ìlú ti fi ohùn sílẹ̀ fún àwọn olórin. Àwọn bí Ọ̀dọ́láyé Àrẹ̀mú, tí ó kú ní 1997, àti Jáígbadé Àlàó àti Ọmọ́ékéé Àmàó, ni wọ́n gbé ohùn náà dé orí àwo tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń gbọ́ ọ. Nínú orin bẹ́ẹ̀, orúkọ Ọlọ́run ni ó sábà ń ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni ìbà àwọn àgbà, ti ọ̀gá tí ó kọ́ni lórin, àti ti òbí. A kì í sì í pe òbí ní "bàbá mi" kí a sì kọjá lọ. Oríkì ni a fi ń pè é: ilé tí ó ti wá, iṣẹ́ tí ó ṣe, ìwà tí a fi mọ̀ ọ́n, tí ẹni tí kò rí i rí á fi mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Bí olórin bá sì ti ń pè é, ìlù ń tì í lẹ́yìn, àwọn elégbè ń gbè é, kò sì sí ẹni tí ń kán an lójú. Ohun mẹ́ta ni ìjúbà fi ní agbára, nígbà náà: ó ṣíwájú ewu, ó dárúkọ pẹ̀lú àlàyé, ó sì ní àyè tí ó tó.

Ìdúpẹ́ ibi ẹ̀yẹ kò ní èkínní àti ẹ̀kẹta nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fúnni ní ẹ̀yẹ Oscar láti 1929. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀yẹ AMAA bẹ̀rẹ̀ ní Yenagoa ní 2005, AMVCA sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2013. Iṣẹ́ ti parí kí a tó dé ibẹ̀. Ìdájọ́ pàápàá ti jáde. Kò sí ewu kan níwájú tí a óò máa tọrọ ààbò lé lórí. Àyè kò sì sí: ìṣẹ́jú-àáyá 45 ni àwọn onígbìmọ̀ Oscar ń fún ẹni tí ó bá gba ẹ̀yẹ, bí ó bá sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a fi orin lé e sọ̀kalẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí. Ní ojú agbo dàdàkúàdà, ìlù ni ó ń gbé orúkọ òbí ga. Ní ibi ẹ̀yẹ, ohùn orin ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún òṣèré láti fi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níyì ni ẹ̀kejì, èyíinì ni bí ó ti dárúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ àti ohun tí ó sọ nípa wọn. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára.

Díẹ̀ nínú àwọn tí gbogbo ayé gbọ́ yóò fi èyí hàn. Ní 1999, nígbà tí fíìmù Roberto Benigni, ará Ítálì, gba Oscar, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ ní abúlé Vergaio, ó ní ẹ̀bùn tí ó tóbi jù tí wọ́n fún òun ni òṣì. Etí Yorùbá kọ́kọ́ máa ń tako irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í gbé àìní òbí ẹni lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ oríkì dáadáa yóò rántí pé oríkì pàápàá kì í fi àléébù pamọ́. A máa gbé ohun tí ayé fi ń bú ilé kan, a sì máa sọ ọ́ di ohun tí ọmọ ilé náà fi ń yangàn. Ohun tí Benigni ṣe nìyẹn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní 2017, Viola Davis, nígbà tí ó gba ẹ̀yẹ nítorí ipa rẹ̀ nínú Fences, pe bàbá àti ìyá rẹ̀ ní orúkọ wọn, Dan àti Mae Alice Davis. Kò sọ pé "àwọn òbí mi" kí ó sì kọjá. Ó mú orúkọ tí ayé kò mọ̀ wá sí ibi tí ayé ti ń wò. Ní 2019, Mahershala Ali fi ẹ̀yẹ tí ó gbà nínú Green Book jin ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ìyá náà kò yé gbà á níyànjú láti ìgbà èwe pé bí ó bá gbìyànjú tí kò bọ́ sí i, kí ó tún gbìyànjú. A gbọ́ ohùn ìyá àgbà náà nínú ohùn ọmọ.

Ní 2023, ẹni méjì tí wọ́n jọ ṣe Everything Everywhere All at Once gba Oscar ní alẹ́ kan náà, ọ̀rọ̀ wọn sì yàtọ̀ síra. Ọmọ ọdún 84 ni ìyá kálukú wọn, tí ó jókòó sílé tí ó ń wo ọmọ rẹ̀. Michelle Yeoh fi ẹ̀yẹ tirẹ̀ jin ìyá rẹ̀ ní Màléṣíà àti gbogbo ìyá tí ó wà láyé. Ọ̀rọ̀ náà ga, ó sì dùn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fẹ̀ ni ó ń fẹ́lẹ́: ẹni tí a bá fi ọpẹ́ rẹ̀ pín fún gbogbo ìyá ayé, ìpín tirẹ̀ kéré. Ke Huy Quan ní tirẹ̀ ké sí ìyá rẹ̀ tààrà bí ọmọ tí ó sáré ti ilé-ìwé dé, ó ní òun ti gba Oscar. Ó sọ ti ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e kúrò ní ìlú rẹ̀ àti ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ó sì sọ ti aya rẹ̀ tí ó fi ogún ọdún gbáko sọ fún un pé àkókò rẹ̀ ń bọ̀. Ogún ọdún yẹn ni kókó. Kì í ṣe pé aya rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nìkan ni a gbọ́. A gbọ́ iye tí ìfẹ́ náà ná an.

Bí ìdúpẹ́ yìí kò bá jẹ́ ìbà, kí ni ìbátan rẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa? Ẹkún ìyàwó ni. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, bí ọmọbìnrin bá fẹ́ re ilé ọkọ, a máa lọ sọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà ilé, a máa fi ohùn arò dúpẹ́ oore tí wọ́n ṣe fún un, a sì máa tọrọ ìre. Àwọn ènìyàn á pé jọ, wọn á máa gbọ́ ọ. Òun náà á sunkún, ìyá rẹ̀ á sunkún. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni ó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ó ti kọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ṣíwájú rẹ̀, ó sì ti fi ti ara rẹ̀ kún un. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé irọ́ ni omi ojú rẹ̀ nítorí pé ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Èyí dáhùn ẹ̀sùn kan tí a sábà máa ń fi kan àwọn òṣèré, pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹkún àsun-gbowó, a kò lè gba ẹkún rẹ̀ gbọ́ ní ibi ẹ̀yẹ. Yorùbá kò fìgbà kan gbà pé ohun tí a kọ́ kò lè jẹ́ òótọ́. Ìlànà ni ó ń fún ìmọ̀lára ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ohun tí ó yẹ kí a bi òṣèré kò ju pé, ṣé ó ní ìdí tí ó fi ń sunkún?

Ìyàwó ní ìdí. Ó ń fi ilé sílẹ̀ ni. Ọpẹ́ rẹ̀ dùn ún nítorí pé ìdágbére wà nínú rẹ̀. Òṣèré tí ẹ̀yẹ bá tẹ̀ lọ́wọ́ wà ní irú ìkóríta bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà mọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ti di ti gbogbo ayé ju bí ó ti jẹ́ ti ilé lọ. Iṣẹ́ eré pàápàá ti ń gba a kúrò nílé kí ẹ̀yẹ tó dé: òru tí ó fi ń ya fíìmù, oṣù tí ó fi wà ní ìlú mìíràn, ìsọmọlórúkọ tí kò lè wá, àìsàn òbí tí ó gbọ́ lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù. Àwọn ará ilé ni wọ́n san owó yìí, wọn kò sì gba rìsíìtì. Nítorí náà, ìdúpẹ́ tí ó bá sọ pé "ìfẹ́ ìdílé mi ni ó gbé mi dé ibí" kò tíì sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gbogbo ènìyàn mu kò bá ẹnì kan mu. Ìdúpẹ́ tí ó pé ni èyí tí ó dárúkọ ẹni náà, tí ó sọ ohun tí ó ṣe, tí ó sì jẹ́wọ́ ohun tí ó pàdánù. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́, gbólóhùn mẹ́ta péré tó láti fi bọ̀wọ̀ fún ìyá, kò sì sí orin tí yóò lè fi í sọ̀kalẹ̀ kí ó tó parí.

Ọ̀rọ̀ náà tún lé ní ìdílé tí eré jẹ́ iṣẹ́ ilé wọn. Ìpínlẹ̀ Kwara ní méjì tí òkìkí wọn kàn. Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Ade Love, tí ó kú ní 1996, ọmọ Agbamu ni. Òun ni ó ṣe Ìjà Òmìnira àti Kádàrá, Kúnlé ọmọ rẹ̀ sì ṣe Araròmirẹ́, tí a tún ń pè ní The Figurine, tí ó gba ẹ̀yẹ AMAA márùn-ún ní 2010. Ìdílé kejì ni ti Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, ọmọ Ìlọrin. Tọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́ olùdarí fíìmù. Òun àti Adébáyọ̀ Tìjání ni wọ́n darí Jagun Jagun ní 2023. Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìlọrin kí ó tó gbájú mọ́ eré; ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni ó sì gba ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tí ó ta yọ jù lọ ní AMVCA nítorí ipa rẹ̀ nínú Seven Doors. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn wọ̀nyí sì ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní irú ilé yìí, bí ọmọ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbà àti ọpẹ́ pàdé lójú kan.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Adébáyọ̀ Sàlámì fúnra rẹ̀ kò bá iṣẹ́ náà nílé bàbá rẹ̀. Abẹ́ Òjó Ládiípọ̀, Bàbá Mẹ́rò, ni ó ti kọ́ ọ, lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé ẹgbẹ́ náà ró lábẹ́ orúkọ Awadà Kẹ́ríkẹ́rí. Bí ọpẹ́ ìdílé yìí bá dúró sórí ẹ̀jẹ̀ nìkan, a jẹ́ pé Bàbá Mẹ́rò ti bọ́ sílẹ̀ nínú ìtàn, bẹ́ẹ̀ sì ni kì bá tí sí ọ̀nà tí ọmọ ì bá gbà bá eré nílé bí kì í bá ṣe tirẹ̀. Ìbà dàdàkúàdà kò jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọ̀gá ní ipò tirẹ̀ nínú ètò, kò sì sí ẹni tí yóò gbàgbé rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn elégbè á rán an létí. Ní ibi ẹ̀yẹ òde òní, kò sí elégbè tí yóò ránni létí. Omi ojú nítorí ìyá a máa bo orúkọ ẹni tí ó kọ eré, ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ àwòrán, ẹni tí ó rán aṣọ, àti àgbà òṣèré tí ó ti darúgbó sílé tí ẹnikẹ́ni kò pè mọ́. Ẹbí rọrùn láti yìn, nítorí pé àwùjọ ti gbà ṣáájú pé ó yẹ kí a fẹ́ràn wọn. Ẹni tí a kò bá tan, tí ó sì ṣe oore fún ni, orúkọ tirẹ̀ ni ó ṣòro láti rántí.

Àwọn kan ní Ìlọrin lè sọ pé Ọlọ́run nìkan ni ọpẹ́ yẹ, pé yíyin ènìyàn láàrin èrò lè sọni di agbéraga. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé kéwú ni a ti ń kọ́ ọmọ ní hádíìsì tí ó sọ pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn olórin dàdàkúàdà ti yanjú ọ̀ràn yìí ní tiwọn: wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run síwájú, wọn kò sì tìtorí rẹ̀ pa orúkọ ènìyàn rẹ́.

Ó yẹ, nítorí náà, kí a yé pe ìdúpẹ́ ibi ẹ̀yẹ ní ìjúbà, kí a sì yé pè é ní àwòkọ lásán. Ọpẹ́ ni, ọmọ ìyá ẹkún ìyàwó ni, ó sì lè gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì: kí ó kọ́ àlàyé orúkọ àti ìrántí ọ̀gá lọ́dọ̀ ìbà, kí ó sì kọ́ bí a ti ń jẹ́wọ́ ohun tí ilé pàdánù lọ́dọ̀ ìyàwó. Àwọn tí ń kọ́ni ní eré ṣíṣe ní Yunifásítì Ìlọrin àti ní ti Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété lè ṣe iṣẹ́ rere kan lórí rẹ̀. Kí wọ́n kó àwọn àwo Ọ̀dọ́láyé àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n gba ohùn àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ṣì rántí ẹkún ìyàwó sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn jókòó tì í kí wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn ìyá àgbà náà kò pọ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwo wọ̀nyí sì ń bàjẹ́ lọ nínú àpótí.